Ojúlé Tí Àmì Bọ́ Sí

Inú òórùn ọ̀dà ni wọ́n bí Aláàmì sí. Bàbá rẹ̀ ló máa ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù nígbà tí ọwọ́ ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Á gun àkàbà láàárọ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń nu omijé lójú ọmọ, oòrùn á sì ti ń wọ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gbọ́ lẹ́nu bàbá yìí lójoojúmọ́: "Ẹni tó ń sáré kọjá là ń kọ̀wé fún. Ẹni tó bá ti dúró, ó ti rí ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀."

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, ó gba pátákó kíkọ mọ́ àwọn alákọpátákó lọ́wọ́. Ọwọ́ bàbá náà fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ kò jókòó ti bàbá kó máa sunkún. Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló ti pàdé ọ̀dọ́kùnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Gíláàsì, torí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Gíláàsì ń kọ kóòdù, òun ń yàwòrán. Wọ́n gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù ẹ̀yà mọ́tò. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, àti fáànù kan tó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó kọ̀ láti jẹ́rìí, àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kò ṣeé tì àfi kéèyàn fi ẹsẹ̀ ta á. Afẹ́fẹ́ a máa gbá ilẹ̀kùn wọn, ni wọ́n bá fi ṣáàfùtì mọ́tò àtijọ́ kan dá a dúró.

Áàpù tí wọ́n ń ṣe, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri ìlú ló wà fún. Bí o bá ṣí máàpù inú rẹ̀ nígbà yẹn, irú àmì kan ṣoṣo ni wàá rí: pupa, olórí róbótó, ẹlẹ́sẹ̀ ṣóńṣó, èyí tí máàpù ti gbé wá láti ilé rẹ̀. Ilé oògùn, pupa. Ilé epo, pupa. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, pupa. Ńṣe ni ojú ìlú rí bí ojú ọmọ tí èéyi mú.

"Gíláàsì," ni obìnrin náà wí, "bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára mi tí mo ṣí nǹkan yìí, ilé epo ni mo máa gbé ara mi lọ."

"Àǹtí, ẹ yà á bó bá ṣe wù yín. Èmi á gbé e síbẹ̀."

Ó yà á. Ìgò fún oògùn, kẹ́ẹ̀gì fún epo, sípánà fún mẹkáníìkì. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà, torí àwòrán tó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà, bó bá dé ojú fóònù, á di ẹrẹ̀. Èyí tó bá sì tóbi ju àtàǹpàkò lọ, á bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àmì ló ṣòro jù. Máàpù kò mọ apá ibi tí àwòrán fi ń tẹ ilẹ̀. Ìwọ lo máa sọ fún un. Bí o kò bá sọ ọ́, àmì á dúró síbì kan, ilé tó yẹ kó tọ́ka sí á wà níbòmíràn. Wọn kò fún àmì ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ó yà lẹ́sẹ̀ dáadáa. Ó fì sí òdìkejì títì, ẹni tó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún aláboyún kan sì já wọ àárín àwọn agégẹdú. Orí ló yọ ọ́, wọ́n tètè rí ilé ìwòsàn náà. Gíláàsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sí àmì tí yóò jáde kí òun fúnra rẹ̀ má kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, fóònù lọ́wọ́, kó wò ó bóyá ibi tó yẹ ló dúró sí. Gíláàsì wá sọ ọ́ ní Aláàmì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ìjà tó ba ìlú náà jẹ́, gáréèjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn alábàárù tó ń já ẹrù níbẹ̀ pín sí méjì, àwọn ará òkè àti àwọn ará etí odò, wọ́n ń du ẹni tí yóò máa gba owó ní géètì. Ọ̀rọ̀ tí àgbà méjì ì bá jókòó parí kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gbé e lé àdá lọ́wọ́. Kò sì pẹ́ tí ó fi kúrò ní ti alábàárù. Ọmọ òkè tó bá sọ̀kalẹ̀ wá ra búrẹ́dì, wọ́n á ṣá a. Ọmọ etí odò tó bá gòkè lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀, wọn yóò gbé òkú rẹ̀ padà. Ẹni tó ń darí àwọn ará etí odò ni wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Kì í pariwo. Wọ́n ní bó bá ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o ní láti na ọrùn kí o tó gbọ́ ọ, kí o yáa máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aláàmì wà lójú fèrèsé nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré yọ láti ọ̀nà gáréèjì, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù fún un. Ó gbá ilẹ̀kùn ilé ìránṣọ, wọn kò ṣí. Ó gbá ti ilé oúnjẹ, wọn kò ṣí. Ó wo òkè, ojú òun àti ti Aláàmì ṣe mẹ́rin. Kí obìnrin náà tó rántí pé àtẹ̀gùn wà, kí ó tó dé ìdajì rẹ̀, àwọn tó ń lé e ti bá ọmọ náà níwájú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Àdá àkọ́kọ́ bà á léjìká. Èkejì, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbà á, ọwọ́ náà sì bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Wọ́n ń ṣá a lọ lẹ́yìn tó ti dákẹ́, bí ẹni ń ṣán oko. Nígbà tí wọ́n lọ tán, gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ènìyàn jáde, wọ́n ń sọ pé àwọn kò mọ̀ pé òun ni.

Ẹ̀gbọ́n Aláàmì obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá bá wọn gbé òkú náà. Bó ti ń fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú báàfù kan, ó ní, "Kì í ṣe pé wọn ò láàánú. Ọmọ yẹn ò mọ ilẹ̀kùn tó máa gbá ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Aláàmì jẹun. Nígbà tó fi máa dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Ó yà iná fún ibi tí wọ́n ń jó, ọ̀bẹ fún ibi tí wọ́n ti ń ṣá ènìyàn, táyà fún ibi tí wọ́n dí lọ́nà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní áàpù náà lè fi àwọn yẹn sórí máàpù, gbogbo ayé ló sì lè rí wọn. Lẹ́yìn náà ó yà ilẹ̀kùn funfun kékeré kan tó ṣí díẹ̀. Ìyẹn dúró fún ilé ẹni tó gbà láti fi ẹni tó ń sá pamọ́, ibi yòówù kó ti wá. Gíláàsì fi ààbò sí i lára: ilẹ̀kùn kò ní hàn lójú fóònù ẹnikẹ́ni àfi àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn alálùpùpù tí wọ́n bá fún láṣẹ.

"Fi ilé mi ṣe àkọ́kọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ọmọ nílé."

"Ọmọ tí wọ́n ṣá lánàá, ṣé ìyá rẹ̀ kò ní ilé ni?"

Ilẹ̀kùn pọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú wọn wà ní àárín ìlú, ilé wọn fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà lápá òkè, ilé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Alálùpùpù á rí ẹni tó ń sá, á wo fóònù, á gbé e, wọ́n á pòórá. Àwọn Jẹ́jẹ́ á lé ènìyàn wọ òpópónà, wọ́n á bá ajá àti ewúrẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará òkè náà kùn, torí wọ́n fẹ́ẹ́ pa bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n. Inú Aláàmì dùn lọ́nà tí ẹ̀rù fi ń bà á láti sọ ọ́ jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí ọwọ́ àwọn Jẹ́jẹ́ tẹ ọ̀kan nínú àwọn alálùpùpù. Wọ́n fọ́ fóònù rẹ̀ mọ́ ògiri kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn dùn wọ́n gan-an lẹ́yìn náà. Wọ́n wá fi irin fọ́ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí ó fi sọ fún wọn pé àwọn ilẹ̀kùn kan wà lórí máàpù, àti yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó bú u. Ẹni tí wọn kò tíì fọ́ lẹ́sẹ̀ ló ń sọ pé òun kì bá tí sọ.

Wọ́n dé nígbà tí oòrùn wà lójú ọ̀run gan-an, tí fáànù ń mi orí. Ohùn bàtà lórí àtẹ̀gùn ni Aláàmì kọ́kọ́ gbọ́. Gíláàsì dìde láti ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn àkọ́kọ́ ti wọlé. Ọ̀kan gbé àpótí ìjókòó, ó là á mọ́ ọn lórí. Awò ojú rẹ̀ fò lọ sábẹ́ tábìlì, òun náà tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ dìde, wọ́n tún là á mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ gba inú irun rẹ̀ dé ẹnu, ó sì ń sọ pé, "Ẹ dákun, ẹ dákun," ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun.

Jẹ́jẹ́ wọlé kẹ́yìn. Ọkùnrin tín-ínrín ni, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó jókòó sórí àga Gíláàsì.

"Àǹtí, ẹ káàsán," ló wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń yà ilẹ̀kùn."

Aláàmì bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí Gíláàsì nílẹ̀.

"Mo fẹ́ kí wọ́n hàn lójú fóònù mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ò ní bá yín jà."

"Ẹ ti pa ọmọkùnrin yìí tán, ẹ ní ẹ ò bá wa jà."

Jẹ́jẹ́ wo Gíláàsì nílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ó ṣì ń mí. Ọwọ́ wo lẹ fi ń yàwòrán?"

Méjì nínú wọn di Aláàmì mú. Wọ́n rí dúdú pẹ́ńsùlù lára ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ náà bọ inú dúrọ́ọ̀ onírin, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ta á pa. Ó gbọ́ ìró náà kó tó mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ṣí i, wọ́n tún ta á. Lẹ́ẹ̀kejì ni igbe jáde lẹ́nu rẹ̀, igbe tí òun fúnra rẹ̀ kò dá mọ̀. Wọ́n tún ń ṣí i lọ nígbà tí ó ní, "Ó tó. Mo máa ṣe é. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n jókòó."

Wọ́n gbé e síwájú kọ̀ǹpútà. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ìwé ìròyìn. Ọwọ́ òsì ló ku Aláàmì. Ó ń tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì ti kọ́ ọ ní ìwọ̀nba kóòdù tó lè mú un ṣiṣẹ́ nígbà tí òun kò bá sí nítòsí, ìwọ̀nba yẹn ló kó jọ sórí báyìí, bí orí náà ti ń fọ́ ọ tó. Ó fún fóònù Jẹ́jẹ́ láṣẹ. Ó kọ́kọ́ rò ó láti yẹ ẹsẹ̀ àwọn àmì náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀tàn yẹn kì í pẹ́ tú: bí ènìyàn bá ti fi ìka fẹ máàpù kó tóbi, àmì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ á máa rìn padà sílé. Ibùdó wọn gan-an ni yóò yí. Ó bá kọ ìlà kan ṣoṣo: lójú fóònù yìí nìkan, kí a ti gbogbo ilẹ̀kùn síwájú sí ìlà-oòrùn. Ó mọ ìwọ̀n tí yóò gbé àwọn ilé àárín ìlú dé ìdí àwọn ilé àtijọ́ tó ti ṣófo, lẹ́yìn ògiri bárékè àwọn sójà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé àwọn sójà kì í bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri yẹn.

Jẹ́jẹ́ ṣí fóònù rẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn funfun yọ, wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí eyín. Ó fi ìka fẹ máàpù náà, àwọn ilẹ̀kùn kò yẹ̀.

"Ilé tó ṣófo," ló wí. "Ẹ̀yìn àwọn sójà."

Aláàmì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ọgbọ́n ni," ni Jẹ́jẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ẹni tó ń yin ni. "Ta ló máa wá ènìyàn lọ síbẹ̀. Èyí tó dá wà lápá òkè yìí ńkọ́? Ẹ̀yin méjì, ẹ lọ síbẹ̀. Àwọn yòókù, ó yá."

Wọ́n kó fóònù Aláàmì àti ti Gíláàsì lọ. Wọ́n fi ọkùnrin kan sílẹ̀ kó máa ṣọ́ wọn. Eyín ń dùn ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú bí ẹni tó ki bọ́ọ̀lù sẹ́nu, kùmọ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan gbá ẹnu mú, ó ń kérora ju àwọn tí wọ́n lù lọ.

Aláàmì ya etí aṣọ rẹ̀, ó fi ń di orí Gíláàsì. Ìgbà yẹn ni gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lẹ́nu Jẹ́jẹ́ tó yé e. Ilẹ̀kùn òkè. Kò rò ó. Àwọn ti àárín ìlú ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń wọn ọ̀nà, ti tíṣà kò sí níbẹ̀. Ó di ojú, ó tẹ́ gbogbo ìlú sílẹ̀ nínú orí rẹ̀, òpópónà lẹ́yìn òpópónà, torí kò sí èyí tí kò tíì fẹsẹ̀ rìn. Láti ilé tíṣà sí ìlà-oòrùn, ìwọ̀n yẹn gan-an: ó kọjá ilé omi, ó kọjá àwọn alágbẹ̀dẹ, ó bọ́ sí ojúlé onígbàjámọ̀.

Ó mọ bàbá náà. Ojúlé rẹ̀ kì í sófo. Àwọn ènìyàn máa ń jókòó níbẹ̀ láìfá irun, kí wọ́n ṣáà lè gbọ́ irọ́ tó ń pa.

"Omi," ló sọ fún ọkùnrin elẹ́rẹ̀kẹ́. "Ọmọ yìí ń kú lọ."

"Jókòó síbẹ̀."

Ó dìde bí ẹni tí yóò gbé ìgò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì gbá ṣáàfùtì mú. Kò tíì fi ọwọ́ òsì na ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, kò tiẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún nà wọ́n. Ó fi gbá egungun ojúgun ọkùnrin náà. Nígbà tí ìyẹn tẹ̀ síwájú, ó tún un gbé, ó là á mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Igbe tó ké kì í ṣe ti ènìyàn. Síbẹ̀ ó di Aláàmì lọ́rùn mú, ó ń fún un, ojú obìnrin náà ń ṣú. Aláàmì ń na ibi tí irin bá sáà bà, èjìká, etí, orí, títí tí ọwọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ fi dẹ̀. Ọkùnrin náà wó ti ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ. Kò mọ̀ bóyá yóò kú, kò sì dúró wò ó.

Ó padà sí kọ̀ǹpútà. Ó fi àmì ọ̀bẹ sí ojúlé onígbàjámọ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo alálùpùpù tó wà nítòsí máa lọ síbẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun wá gbé Gíláàsì. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló gbé mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ó ṣì wà lọ́nà òkè nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápá bárékè. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ń dún bí òjò lórí páànù, ó dá, ó tún ń dún. Kò bojú wẹ̀yìn.

Èéfín ló fi mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Ilé onígbàjámọ̀ ń jó láti inú, dígí gígùn tó wà lára ògiri ń fọ́ sílẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Àwọn méjì tí Jẹ́jẹ́ rán ti sá, torí àwọn alálùpùpù dé bá wọn níbẹ̀. Bí àmì ọ̀bẹ yẹn kò bá yọ, ẹni méje tó wà nínú ilé ni wọn ì bá jó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Bíríkìlà ni, ó wá fá irun. Ìdajì orí rẹ̀ ń dán, ìdajì kejì ṣì ní irun, fóòmù ṣì wà létí rẹ̀. Wọ́n bi í pé ọmọ òkè ni tàbí ọmọ etí odò, ó ní òun wá fá irun ni. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó sọ. Àyà ni wọ́n ti gún un.

Onígbàjámọ̀ jókòó sórí iyanrìn, abẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Apá rẹ̀ òsì ya láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. "Mi ò tíì ṣe é tán," ló ń sọ. "Ẹ wò ó, mi ò tíì ṣe é tán."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn bárékè, ìlú gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn Jẹ́jẹ́ já wọ àwọn ilé tó ṣófo pẹ̀lú àdá àti ìbọn àgbélẹ̀rọ, àwọn sójà rò pé àwọn ni wọ́n wá bá jà. Púpọ̀ nínú wọn kò jáde. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ ọta nítan, wọ́n wọ́ ọ jáde nínú kòtò, ẹ̀wù rẹ̀ tó mọ́ tónítóní di ẹrẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló wà títí di òní. Kò sẹ́ni tó wọ ilé kankan tó ní ilẹ̀kùn funfun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn ará òkè rí i pé kò sí ẹni tí àwọn ń bá jà mọ́, àgbà díẹ̀ jókòó, wọ́n parí ọ̀rọ̀ géètì. Ọkùnrin elẹ́rẹ̀kẹ́ náà kò kú. Wọ́n yọ eyín rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan náà tí wọ́n ti ń rán orí Gíláàsì.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yin Aláàmì. Wọ́n ní ó fi ìka pa ogun. Ó máa ń kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀.

Ó lọ bá onígbàjámọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má lọ, pé ta ló bi í. Ó lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá náà láìdín, ilẹ̀kùn tíṣà, ìlà tó kọ, ibi tó bọ́ sí.

Bàbá náà gbọ́ ọ títí. "Nítorí náà, ìwọ lo rán wọn sí mi."

"Èmi ni, bàbá."

"Kí ló dé tí o ò rán wọn sínú odò?"

"Ìwọ̀-oòrùn ni odò wà, bàbá. Wọn ì bá rí i pé omi ni, wọn ì bá mọ̀."

Bàbá náà yí ojú sí ògiri. "O ti rò ó gan-an," ló wí. "Máa lọ."

Ìyàwó bíríkìlà kò jẹ́ kó wọlé rárá. Kò pariwo, kò bú u. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí ọmọ ń sùn nínú ilé. Aláàmì lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i, bákan náà ni. Kò lọ mọ́.

Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òsì yàwòrán, àwọn àwòrán àkọ́kọ́ burú débi pé Gíláàsì, tó ní àpá gbọọrọ lórí báyìí, bi í bóyá adìẹ ló gun orí tábìlì. Bàbá rẹ̀ máa ń wá jókòó tì í. Ọwọ́ méjèèjì tí kò pé ni wọ́n jọ fi ń ṣiṣẹ́, bàbá á máa sọ pé, "Fa á gùn sí i," ọmọ á máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n mí." Wọ́n yọ ọ̀bẹ àti iná kúrò lórí máàpù. Ilẹ̀kùn funfun ló pẹ́ jù kí ó tó lè yọ ọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i kí onígbàjámọ̀ tó ránṣẹ́ pè é. Ó ti gba ojúlé mìíràn, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́. Àga tuntun kan, dígí kékeré kan, kò sẹ́nìkan lórí ìjókòó àwọn tó ń gbọ́ irọ́. Bàbá náà kò ní kó jókòó.

"Àwọn oníbàárà mi ń lọ sí ibi tó jó," ló wí. "Wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á rò pé mo ti kú, wọ́n á padà. Mo fẹ́ kí o fi mí sórí nǹkan yín yẹn."

"Mo máa fi yín síbẹ̀, bàbá."

"Ibi tí mo wà gan-an. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Aláàmì yọ fóònù. Ó ti yà abẹ ìfárí kan tẹ́lẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú òsì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lórí máàpù, ó fẹ máàpù náà títí tí òrùlé ṣọ́ọ̀bù fi gba gbogbo ojú fóònù, ó sún abẹ náà díẹ̀, ó tún un sún, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tẹ ẹnu ọ̀nà. Ó nà án sí bàbá náà. Ìyẹn fi ọwọ́ tó ní àpá gbà á, ó mú un jìnnà sójú bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ó wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó wo fóònù.

"Kí ló dé tí ó wọ́ báyìí?"

"Ọwọ́ òsì ni mo fi yà á."

Bàbá náà dá fóònù padà fún un. Ọkùnrin kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ fá irun. Onígbàjámọ̀ gbọn aṣọ funfun ìfárí rẹ̀, ó ní kí oníbàárà máa bọ̀ wá jókòó, Aláàmì sì yẹ̀ fún un kí ó lè kọjá.